Dókítà Wo Ló Mọ ADHD? Àgbéyẹ̀wò Ìtọ́jú Tó Kan Gbogbo Ìdílé

Bí ara ọmọ bá gbóná, ìyá rẹ̀ mọ ibi tí yóò gbé e lọ. Bí ọmọ bá ṣubú tí apá rẹ̀ ṣẹ́, bàbá rẹ̀ kò ní í dúró bi aládùúgbò léèrè kí ó tó gbéra. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́jọ tí kò lè jókòó parí iṣẹ́ àṣetiléwá, tó ń sọ pẹ́ńsù nù lójoojúmọ́, tó ń dáhùn kí olùkọ́ tó béèrè ọ̀rọ̀ tán, ta ni wọ́n ń gbé e lọ bá? Ní ọ̀pọ̀ ilé, pàṣán ló ń kọ́kọ́ dá a lóhùn. Lẹ́yìn pàṣán ni olùkọ́ lẹ́sìnnì, lẹ́yìn olùkọ́ lẹ́sìnnì ni àdúrà òru. Dókítà ló máa ń kẹ́yìn, àwọn mìíràn kì í sì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá.

ADHD ni àwọn dókítà ń pe ohun tó ń ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó jẹ mọ́ bí ọpọlọ ṣe ń dàgbà, àti bó ṣe ń ṣàkóso ìfọkànsí, ara àti ìwàǹwára. Àwọn kan wà tí ara wọn kì í balẹ̀. Àwọn kan sì wà, pàápàá jù lọ ọmọbìnrin, tí wọ́n á jókòó jẹ́jẹ́ ṣùgbọ́n tí ọkàn wọn ti rìn jìnnà sí ohun tí olùkọ́ ń sọ. Àwọn tó ń fò lórí àga ni gbogbo ènìyàn ń rí. Àwọn tó jókòó jẹ́jẹ́ a máa gba orúkọ ọ̀lẹ tàbí olódo, wọ́n á sì gbé orúkọ náà dàgbà.

Kì í ṣe àrùn òyìnbó. Ní ọdún 2007, Abiodun Adewuya àti Oluwole Famuyiwa tẹ èsì ìwádìí wọn jáde lórí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 1,112 ní Nàìjíríà; wọ́n rí ADHD lára 8.7% nínú wọn. Ìwádìí mìíràn tí wọ́n ṣe láàrin àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìlú Bìní, tó jáde ní 2011, rí 7.6%. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó ìwádìí láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè pọ̀ ní 2007, ohun tó bọ́ sí jẹ́ nǹkan bí 5%. Nínú kíláàsì tó ní ọmọ 40, nǹkan bí ọmọ méjì nìyẹn.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní pé bóyá ó wà tàbí kò sí. Ohun tó kù ni ẹni tó lè tọ́jú rẹ̀, àti bí ìdílé ṣe lè dá onítọ̀hún mọ̀. Orúkọ ńlá kọ́ ni àmì rẹ̀, ọ́fíìsì tó tutù kọ́ sì ni. Ohun tí dókítà bá béèrè, àti àwọn tó bá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ni a fi ń mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Bàbá ẹ gan-an nìyí

Ilẹ̀ Yorùbá mọ ìbejì dáadáa, nítorí náà kò ní í ṣòro fún Yorùbá láti lóye bí àwọn onímọ̀ ṣe mọ̀ pé ADHD ń bá ìdílé rìn. Wọ́n fi ìbejì tó wá láti inú ẹyin kan ṣoṣo wé ìbejì tó wá láti inú ẹyin méjì. Bí ohun kan bá wà lára Táíwò, tó sì máa ń wà lára Kẹ́hìndé láàrin àwọn ẹlẹ́yin kan ju bó ṣe ń rí láàrin àwọn ẹlẹ́yin méjì lọ, àjogúnbá lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Stephen Faraone àti Henrik Larsson ṣe àkójọ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní 2019. Ìṣirò wọn ni pé nǹkan bí 74% nínú ìyàtọ̀ tó wà láàrin ènìyàn àti ènìyàn lórí ọ̀rọ̀ ADHD ló wá láti inú ohun tí a jogún.

Kì í ṣe jíìnì kan ló wà nídìí rẹ̀. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2023 tọ́ka sí ibi 27 nínú ohun tí a ń jogún lára òbí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń dá tirẹ̀ kún un díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kankan tó lè fi ADHD hàn. Ẹni tó bá ń gba owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí fọ́tò ọpọlọ lọ́wọ́ òbí láti fi jẹ́rìí pé ọmọ ní ADHD, ohun tí kò sí ló ń tà.

Nínú ilé, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń jáde nìyí. Dókítà ń ka àmì ọmọ sílẹ̀, ìyá ọmọ ń mi orí, bàbá ọmọ ń wo ilẹ̀, nítorí ìtàn tirẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Òun náà ni wọ́n ń nà jù nílé-ìwé nígbà tirẹ̀. Òun ló ti fi iṣẹ́ mẹ́rin sílẹ̀ láàrin ọdún mẹ́fà, tó ń gbàgbé owó ilé-ìwé títí wọ́n fi ń lé ọmọ wálé, tó ra sìmẹ́ńtì sílẹ̀ fún ilé tí sìmẹ́ńtì sì gan sínú àpò. Ìyá àgbà ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí pé, “Bàbá ẹ gan-an nìyí.” Kò sẹ́ni tó ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀rí ìṣègùn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rí ìṣègùn ni.

Ó ṣe pàtàkì pé kí dókítà gbọ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ní 2002, Edmund Sonuga-Barke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìlú Ọba tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ìyá tí wọ́n kọ́ ní ọ̀nà ìtọ́ni fún àwọn ọmọ wọn kéékèèké tó ní ADHD. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn fúnra rẹ̀ ní àmì ADHD púpọ̀ kò rí ànfààní tó àwọn tó kù. Kò yani lẹ́nu. Bí dókítà bá ní kí ìyá tẹ̀ lé ìlànà aago lójoojúmọ́, kí ó máa kọ ìwà ọmọ sílẹ̀, kí ó má gbàgbé oògùn àárọ̀, iṣẹ́ tó le jù fún ẹni tó ní ADHD ló gbé lé ìyá náà lọ́wọ́. Dókítà tó tọ́jú ọmọ nìkan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ti fi ìdajì iṣẹ́ sílẹ̀.

Ìtọ́jú tó mú ìdílé mọ́ aláìsàn kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ yìí. Nígbà tí Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò, Abẹ́òkúta, ní 1954, ó ṣètò pé kí àwọn aláìsàn máa gbé ní àwọn abúlé tó yí ilé-ìwòsàn ká, kí ìbátan kan ó kéré tán sì wà pẹ̀lú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ayé ìṣègùn ọpọlọ ló gbọ́ nípa ètò náà. Kì í ṣe torí ADHD ni Lambo ṣe dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó rí nígbà náà ni àwọn dókítà ADHD ń padà bọ̀ sí lónìí.

Ìmọ̀ tó ti gbó

Dókítà lè kàwé dé góńgó kí ohun tó mọ̀ nípa ADHD sì ti gbó. Ní 1902 ni George Still, dókítà ọmọdé ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí nínú ìṣègùn òde òní. Ìlànà ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà náà. DSM, ìwé ìtọ́sọ́nà àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1968 pé àìsàn ọmọdé ni, àti pé ó sábà máa ń dín kù bí ọmọ bá bàlágà. Ní 1980 ni ìwé kan náà gbé àìlèfọkànsí ṣíwájú. Ní 2013 ló sún ọjọ́ orí tí àmì gbọ́dọ̀ ti hàn láti ọdún méje sí ọdún méjìlá. Ó tún ní àmì márùn-ún tó fún ẹni tó bá ti pé ọdún 17, dípò mẹ́fà tí wọ́n ń wá lára ọmọdé, ó sì gbà pé ẹnì kan lè ní ADHD kí ó sì tún ní autism.

Dókítà tó kọ́ṣẹ́ ṣáájú àwọn àtúnṣe wọ̀nyí, tí kò sì kàwé kún un, yóò sọ gbólóhùn kan tàbí méjì tí òbí lè fi mọ̀. Yóò ní ADHD kì í sí lára àgbàlagbà. Yóò ní ọmọkùnrin nìkan ló ń ní in. Tàbí kó ní ọmọ tó lè fi wákàtí méjì gbá géèmù kò lè ní in, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ní ADHD lè rì sínú ohun tí wọ́n bá fẹ́ràn, kí wọ́n má sì lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá jókòó ti ohun tó sú wọn.

Iṣẹ́ tí dókítà gidi ń ṣe

Dókítà tó mọ̀ ọ́n kì í kánjú. Ó fẹ́ mọ bí oyún ṣe rí, bí ọmọ ṣe wáyé, ìgbà tó rìn, ìgbà tó sọ̀rọ̀, bó ṣe ń sùn. Ó fẹ́ gbọ́ láti ilé, ó sì fẹ́ gbọ́ láti ilé-ìwé, torí àmì gbọ́dọ̀ hàn níbi méjì ó kéré tán, ó sì gbọ́dọ̀ ti pé oṣù mẹ́fà. Ọmọ tó jẹ́ pé kíláàsì kan ṣoṣo ló ti ń dààmú, bóyá olùkọ́ kíláàsì náà ni kí wọ́n lọ bi léèrè. Fún àgbàlagbà, káàdì èsì ìdánwò tó ti wà nínú àpótí láti ogún ọdún wúlò ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ: níbi tí olùkọ́ ti kọ ọ́ ní ọdún kọ̀ọ̀kan pé ó gbọ́n ṣùgbọ́n eré pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rí ìgbà èwe nìyẹn.

Fọ́ọ̀mù wà tí wọ́n ń lò. Vanderbilt àti Conners wà fún ọmọdé, ASRS wà fún àgbàlagbà. Wọ́n dára, ṣùgbọ́n NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ọ́ kedere nínú ìlànà rẹ̀ ti 2018 pé kò gbọdọ̀ jẹ́ fọ́ọ̀mù nìkan ni wọ́n fi dájọ́.

Ibi tí ìmọ̀ ti ń hàn jù lọ ni bí dókítà ṣe ń wá àwọn ohun mìíràn tó lè jọ ADHD. Ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa nítorí etí tó ń ṣọyún kò ní í dáhùn bí wọ́n bá pè é. Ọmọ tó ń hanrun lóru nítorí ẹran ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ tóbi jù yóò máa ṣe wàdùwàdù lójú mọmọ. Irú wárápá kan wà tí kì í gbé ọmọ ṣánlẹ̀. Ojú rẹ̀ á kàn dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, olùkọ́ á sì rò pé àlá ló ń lá. Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó lára, ìbẹ̀rù, ìyà tí ọmọ ń jẹ nílé, àti ìṣòro kíkàwé náà wà níbẹ̀.

Nílẹ̀ wa, àkọsílẹ̀ náà gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde, ẹ̀jẹ̀ lè ṣàì dé apá kan ọpọlọ láìsí pé ẹnikẹ́ni rí i níta, ìfọkànsí a sì bàjẹ́. Ìwádìí ní Uganda fi hàn pé ibà tó wọ ọpọlọ ọmọ lè ba ìfọkànsí rẹ̀ jẹ́, tí ó sì ṣì ń hàn ní ọdún méjì lẹ́yìn tí ibà ti lọ. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́ pẹ̀lú. Ní Zamfara ní 2010, ìwakùsà wúrà tú òjé sí àwọn abúlé, ó sì pa ọmọ tó lé ní 400. Ìdílé tó ń gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ bátìrì mọ́tò àtijọ́ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún dókítà, bí dókítà kò bá tilẹ̀ béèrè.

Kí dókítà tó kọ oògùn, yóò wọn ọmọ, yóò wo gíga rẹ̀, yóò wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Yóò béèrè bóyá ẹnì kan nínú ẹbí ti ṣubú kú lójijì ní ọ̀dọ́, torí àwọn oògùn kan ń mú ọkàn sáré.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí ìkánjú bá ti wọ̀ ọ́ hàn lórí BBC ní oṣù Karùn-ún 2023. Oníròyìn ètò Panorama kan lọ fún àyẹ̀wò ní ilé-ìwòsàn aládàáni mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ lórí fídíò, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ní ó ní ADHD. Ọ̀gá oníṣègùn ọpọlọ kan ní NHS, ètò ìlera ìjọba Ìlú Ọba, jókòó tì í fún wákàtí mẹ́ta, ó sì sọ pé kò ní in. Awuyewuye tẹ̀ lé ètò náà. Ọ̀pọ̀ tó ní ADHD lóòótọ́ bínú pé ó jẹ́ kí ayé fura sí wọn. Síbẹ̀ ìyàtọ̀ tó wà láàrin àyẹ̀wò kúkúrú àti èyí tó kún kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Ọ̀nà mẹ́ta, orílẹ̀-èdè mẹ́ta

Ẹni tó lè sọ pé ọmọ ní ADHD yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, èyí sì máa ń da àwọn ìdílé Yorùbá tó ń ṣí kiri láàmú.

Ní Amẹ́ríkà, dókítà ọmọdé tí ìdílé ń lọ bá tẹ́lẹ̀ lè ṣe é. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé níbẹ̀ gbé jáde ní 2019 gbà wọ́n láyè láti ṣàyẹ̀wò àti láti tọ́jú ọmọ láti ọdún 4 sí 18, kí wọ́n sì darí èyí tó bá díjú sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn ọpọlọ ọmọdé. Ìjọba ibẹ̀ ṣírò ní 2022 pé nǹkan bí ọmọ mílíọ̀nù méje, 11.4% àwọn ọmọ ọdún 3 sí 17, ni dókítà ti sọ fún òbí wọn rí pé wọ́n ní in. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí Paul Morgan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2013 fi hàn pé ṣíṣeéṣe kí wọ́n dá a mọ̀ lára ọmọ adúláwọ̀ fi 69% kéré sí ti ọmọ aláwọ̀ funfun. Bàbá tó wà ní Houston tàbí Maryland, tí ilé-ìwé ń pè lójoojúmọ́ pé ọmọ rẹ̀ jẹ́ oníjàngbọ̀n, ní ẹ̀tọ́ láti béèrè fún àyẹ̀wò dípò ìjìyà. CHADD, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1987, ní àkójọ orúkọ àwọn oníṣẹ́ tó ń tọ́jú ADHD, ìgbìmọ̀ tó ń fún oníṣègùn ọpọlọ ní ìwé ẹ̀rí náà sì gba ará ìlú láyè láti yẹ orúkọ dókítà wò.

Ní Ìlú Ọba, GP, dókítà ìdílé tí aláìsàn kọ́kọ́ ń rí, kì í ṣe é. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti kọ lẹ́tà sí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó yẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń há: ìṣirò NHS fún òpin oṣù Kẹta 2025 ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé àwọn tó ń dúró de àyẹ̀wò lè tó 549,000. Àwọn mìíràn ti dúró fún ọdún púpọ̀. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀: láti 2014, aláìsàn tí GP bá ń darí lọ síbi ìtọ́jú ọpọlọ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀tọ́ láti yan ilé-ìtọ́jú tó wù ú nínú àwọn tó ní àdéhùn pẹ̀lú NHS. Scotland, Wales àti Northern Ireland kò sí nínú rẹ̀. Kí ìdílé tó yan ibì kankan, ó yẹ kí wọ́n bi GP wọn bóyá yóò gbà láti máa kọ oògùn lẹ́yìn tí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ náà bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn GP kan kì í gbà bí àyẹ̀wò bá ti wá láti ilé-ìwòsàn aládàáni, ìdílé a sì máa fi owó ara wọn ra oògùn lóṣooṣù.

Ní Nàìjíríà, àwọn dókítà fúnra wọn ni kò tó. Ohun tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ń tẹnu mọ́ ni pé wọn kò tó 300 fún orílẹ̀-èdè tó ní èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 200, jápa sì ń dín wọn kù sí i. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ nípa ọmọdé nínú wọn kò tó nǹkan. Ibi tí wọ́n wà kò pamọ́. Ìbàdàn ní ẹ̀ka ìlera ọpọlọ ọmọdé ní ilé-ìwòsàn UCH, yunifásítì ibẹ̀ sì ní ibùdó kan tí akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà púpọ̀ ti gba oyè nínú iṣẹ́ náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olayinka Omigbodun ti Ìbàdàn ló ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn oníṣègùn ọpọlọ ọmọdé láti 2010 sí 2014. Ilé-ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá àti ti Àrò ní ẹ̀ka ọmọdé, ilé-ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà ní oníṣègùn ọpọlọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé-ìwòsàn yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀.

Ìtìjú ló ń dí ọ̀nà. Ní Èkó, bí ènìyàn bá fẹ́ fi ẹnì kejì ṣẹ̀fẹ̀, “Yábàá Left” ló máa ní kó lọ, kò sì sí òbí tó fẹ́ kí wọ́n rí òun àti ọmọ òun lẹ́nu géètì yẹn. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2023, rọ́pò òfin wèrè ti ìgbà òyìnbó. Òfin nìkan kò lè mú ìtìjú kúrò. Ìdílé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo lè gba ẹ̀ka ọmọdé ilé-ìwòsàn ńlá wọlé. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti wo etí, ojú, ẹ̀jẹ̀ àti oorun, kí dókítà ọmọdé tó fi lẹ́tà darí wọn síwájú. Ní ìlú tí oníṣègùn ọpọlọ kò sí, ìlànà mhGAP ti Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́ àwọn dókítà gbogbogbòò ní bí wọ́n ṣe lè gba òbí àti olùkọ́ nímọ̀ràn. Ìlànà kan náà ní kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ oògùn ADHD fún ọmọ láìbá akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ sọ̀rọ̀, kí ó má sì jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà.

Oògùn kan náà, dókítà ọ̀tọ̀

Oògùn tó lókìkí jù ni methylphenidate. Leandro Panizzon ló kọ́kọ́ ṣe é ní 1944 ní Basel, ó sì sọ ọ́ ní Ritalin nítorí Rita, ìyàwó rẹ̀. Ó ń jẹ́ kí dopamine àti noradrenaline, èròjà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, ṣiṣẹ́ pẹ́ sí i. Nǹkan bí méje nínú mẹ́wàá àwọn tó bá lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ ló ń rí ìyípadà dáadáa. Ó lè dí oúnjẹ lọ́nà, ó lè lé oorun lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ máa wọn ọmọ. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, NICE ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ òbí ní ọ̀nà ìtọ́ni. Atomoxetine wà fún àwọn tí ti àkọ́kọ́ kò bá lára mu, ṣùgbọ́n ó ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí agbára rẹ̀ tó hàn.

Bóyá ẹ̀rí tó lágbára jù lórí ìwúlò dókítà tó mọṣẹ́ ni ìwádìí MTA tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1999. Ọmọ 579 ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́rin fún oṣù 14. Àwọn tí dókítà ìwádìí ń fún ní oògùn, tó ń rí wọn lóṣooṣù, tó ń gbọ́ láti ọ̀dọ̀ olùkọ́, tó sì ń tún ìwọ̀n oògùn ṣe, sàn ju àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ fún dókítà àdúgbò lọ. Bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó lọ sọ́dọ̀ dókítà àdúgbò náà ń lo oògùn. Àbójútó ló mú ìyàtọ̀ wá. Nígbà tí ìwádìí parí tí àbójútó sì dáwọ́ dúró, ìyàtọ̀ náà kò hàn mọ́ ní ọdún kẹta.

Ní Nàìjíríà, oògùn fúnra rẹ̀ ṣòro rí. Ó wà lábẹ́ ìṣàkóso ìjọba, ilé ìtàjà oògùn tó ń gbé e kò pọ̀, iye rẹ̀ sì ń ga bí náírà ṣe ń rẹlẹ̀. Ní 2019 àti 2021, àwọn kan rọ Àjọ Ìlera Àgbáyé pé kí ó fi methylphenidate sínú àkójọ oògùn tó pọn dandan. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni àjọ náà kọ̀. Òkè òkun náà ti rí ọ̀wọ́n: Amẹ́ríkà kéde àìtó Adderall, oògùn ADHD mìíràn, ní oṣù Kẹwàá 2022, Ìlú Ọba sì ṣe ìkìlọ̀ tirẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2023. Dókítà tó mọṣẹ́ máa ń sọ fún ìdílé ṣáájú ohun tí wọn yóò ṣe bí oògùn bá wọ́n.

Àwọn tó ń wálé fún ọdún Kérésì náà ní láti kíyè sára. Oògùn tí òfin ń ṣọ́ ni. Ẹni tó bá ń gbé èyí tó tó ti oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde láti Ìlú Ọba gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, ẹni tí tirẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mú lẹ́tà dókítà dání. Ó yẹ kí wọ́n béèrè òfin Nàìjíríà lọ́wọ́ ọ́fíìsì aṣojú ìjọba kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Kí wọ́n má sì pín in fún ọmọ ẹ̀gbọ́n nílé nítorí pé ìwà wọn jọra.

Kí òbí tó jáde nílé

Ẹ kọ ohun tí ẹ ń rí sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ olùkọ́. Ẹ mú káàdì èsì ìdánwò, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àti àkọsílẹ̀ àìsàn dání. Bí bàbá tàbí ìyá bá rí ara rẹ̀ nínú ìtàn ọmọ, kí ó sọ ọ́, kí ó sì gba àyẹ̀wò tirẹ̀. Ẹ yẹ orúkọ dókítà wò lọ́dọ̀ MDCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, tàbí lórí àkọsílẹ̀ GMC, irú àjọ bẹ́ẹ̀ ní Ìlú Ọba. Ẹ bi í léèrè iye irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ tó ń tọ́jú, bí yóò ṣe máa tẹ̀ lé e, àti ohun tí yóò ṣe bí oògùn àkọ́kọ́ kò bá ṣiṣẹ́. Dókítà tó mọ̀ ọ́n kò ní í bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí.

Ẹni tó bá sì kọ oògùn láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí kò béèrè ilé-ìwé, tí kò wọn ọmọ, tí kò sì bi òbí ní ohun kan nípa ara wọn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá ẹlòmíràn.